Ẹ Má Tíì Kó Káàdì Ìyá Yín Fún Wọn

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, mà. Ẹ ní ilé ìwòsàn tí ìyá yín ń lọ ní Òṣogbo ti pa fáìlì tì, wọ́n ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ní kí ẹ kó gbogbo káàdì àti èsì àyẹ̀wò àtijọ́ wá. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kó wọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má kó wọn sílẹ̀. Ẹ ṣe fọ́tókópì gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ lójú yín, kí ẹ sì kó ojúlówó padà sílé.

Ohun tí ojú bàbá mi rí ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Orúkọ wọn wọ́pọ̀ púpọ̀ nílùú yìí. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn, kọ̀ǹpútà ò sì gbà kí ibẹ̀ ṣófo, ni ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ bá fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i, ó fojú díwọ̀n ọdún. Ẹ wo káàdì àwọn àgbàlagbà wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọ̀pọ̀ wọn nìyẹn. Bàbá mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, àdúgbò Òkè-Baálẹ̀ ni wọ́n kọ fún òun náà, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní kan náà. Ẹnìkan níbẹ̀ rò pé wọ́n forúkọ ẹni kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó bá da méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló ń ṣe bàbá mi. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe bàbá kejì. Nígbà tí bàbá mi lọ gba amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n máa ń gbà, dókítà tuntun ni wọ́n bá. Ó wojú kọ̀ǹpútà, ó rí glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ, níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Daonil, ó sì kọ méjèèjì fún wọn. Kò bi wọ́n bóyá wọ́n ní àtọ̀gbẹ, torí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi náà ò bi í léèrè, torí àwọn àgbà wa kì í bá dókítà jiyàn.

Iṣẹ́ oògùn yẹn ni pé kó lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ò ga, ewu ni. Nírọ̀lẹ́, òógùn bo bàbá mi, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ayé ni, kí a sáré gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ààfáà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lójúlé kejì ló gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà dé. 38 ló hàn níbẹ̀. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀ 70, ó ti kéré jù nìyẹn. A po ṣúgà sómi, wọ́n mu ún, ojú wọn là. Ọkàn gbogbo wa balẹ̀, nọ́ọ̀sì yìí ló ní rárá, pé oògùn yẹn máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà, pàápàá bí kíndìnrín ò bá lágbára mọ́, pé ṣúgà náà á tún lọ sílẹ̀ lóru. Ó sì lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ilé ìwòsàn la mọ́jú sí, wọ́n ń fa omi sí wọn lára. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà tó ń lo oògùn yìí nílé, ẹ jọ̀ọ́, bí òógùn bá bò wọ́n, tí ọ̀rọ̀ wọn dàrú, ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Bí wọn ò bá sì lè gbé nǹkan mì, ẹ má da omi sí wọn lẹ́nu, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè ni yàrá àkọsílẹ̀ wọn. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ní ohun tó wà lórí ẹ̀rọ làwọn ń tẹ̀lé, pé ó ṣeé ṣe kí bàbá ti gbàgbé pé àwọn ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tí mo ń fọwọ́ ara mi fún lóúnjẹ! Ọ̀gá rẹ̀ ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n tún ní àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fún wọn, tí wọ́n wà ní Èkó, nìkan ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i kí dókítà mìíràn má bàa tún ṣìnà, wọ́n ní kò sáyè fún un. Dókítà àgbà kan ló gbà wá. Ó ní kí wọ́n ṣe HbA1c, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí àtọ̀gbẹ rárá, ó sì fọwọ́ kọ ọ́ sórí ìwé, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n padà yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wàhálà. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Mo béèrè bàbá kejì, bóyá wọ́n ti yẹ tirẹ̀ wò, bóyá ẹnikẹ́ni ti pè é, wọ́n ní ìyẹn ò kàn mí. Ó kàn mí. Títí di òní ni mo ń ronú rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ kọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ o. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára àbúrò mi lóru nínú oyún, kò sẹ́ni tó ń wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, PCV tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, èsì síkáànù, gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà fáìlì, ikán jẹ nínú wọn, òjò pa nínú wọn, èyí tó kù, ẹ ò ní lè ka ohun tí dókítà kọ. Èèyàn á tún máa sanwó àyẹ̀wò tó ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kan sábà máa ń wà láyè ara rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ìyá lọ sí Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, ẹ má gbọ́kàn lé e pé wọ́n á rí i lọ́hùn-ún, ìwé ọwọ́ yín ni wọ́n máa kà. Bí iná bá sì lọ, orí bébà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, nígbà mìíràn kò sẹ́ni tó ń padà tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ewé ìyá jáde fún yín, kí ẹ yẹ orúkọ, fóònù, àìsàn àti oògùn wò. Kí wọ́n fi fọ́tò wọn sí i. Bí oògùn kan bá ń bá ìyá jà, bóyá Septrin, ẹ má jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo, torí dókítà tó bá rí òfìfo á rò pé kò sí ni. Ẹ má sì fi èsì àyẹ̀wò wọn sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí. Mo ti rí ibi tí irú ẹ̀ dé etí àwọn tí kò yẹ kó gbọ́.

Bí wọ́n bá ṣe orí kunkun, Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, òfin ìdáàbòbò détà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà, kí wọ́n sì tún èyí tó bá ṣì ṣe. Ọjọ́ tí mo dárúkọ òfin náà pẹ̀lú ọdún rẹ̀ ni wọ́n gbé àga fún mi. Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ ò bá mọ bí ẹ ṣe máa kọ ọ́, ẹ sọ fún mi, màá fi tèmi ránṣẹ́.