Ibo ni kí n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Leeds là ń gbé. Inú ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ ni ìjọ wa ti ń sìn, àwọn ìbejì mi ọmọ ọdún 10 ò sì mọ irú ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí àwọn ti àtijọ́, àmọ́ wọ́n ní ilé òkú ni. Ká sòótọ́, ibojì wà nílẹ̀ inú wọn, ẹ̀rù àtitẹ̀ ẹ́ ń ba èmi náà. Ibo la ti lè bẹ̀rẹ̀? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ibojì yẹn, ṣebí àwọn bàbá ńlá wa ń sin òkú sínú ilé, tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sórí ibẹ̀ sùn? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sin ọlọ́lá wọn sábẹ́ òkúta ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ sì ń gba orí rẹ̀ lọ síbi oúnjẹ Olúwa. Tí ara yín bá kọ̀ ọ́, ẹ yà fún un, kò sẹ́ni tó máa wò yín.

Kàtídírà Canterbury, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó jẹ́ ibùjókòó olórí bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà, ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ó jìnnà sí yín, ẹ so ó mọ́ ìrìn-àjò Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, 1864. Ẹ ti sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn nínú ọkọ̀: ọmọkùnrin Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí lọ́dún kejì, tí wọ́n gbé lọ sí Freetown. Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ tó gbà á sílẹ̀, wà ní kàtídírà lọ́jọ́ náà. Òyìnbó méjì ni wọ́n jọ gba oyè, ọ̀kan fún Peterborough, ìkejì fún Tasmania. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ìyẹn kò ní pe ibẹ̀ ní ilé òkú mọ́.

Ẹ fi ibi tí àwọn jagunjagun ọba ti fi idà pa Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ní 1170 hàn wọ́n. Idà irin wà lára ògiri níbẹ̀. Àwọn àtẹ̀gùn òkúta kan tún wà tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá gbàdúrà ti jẹ wọlé. Ẹ má tẹ̀ lé amọ̀nà ká gbogbo ilé o, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa bèèrè fóònù.

Owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ìsìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ lọ, torí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ló wà nínú akọrin. Ẹ yan Sátidé tí ilé ìwé ò tíì gba ọlidé: tí ọlidé bá dé, akọrin àlejò ló sábà máa ń wá. Tí àyè bá wà, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì St Martin's, kò jìnnà síbẹ̀. Bertha, ayaba Kent, ti ń gbàdúrà níbẹ̀ kí Augustine, míṣọ́nnárì tí póòpù rán wá láti Róòmù, tó dé ní 597, wọ́n ṣì ń sìn níbẹ̀ dòní.

Nílé yín ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì St John's ní òpópónà New Briggate, tí wọ́n kọ́ parí ní 1634, wà ní Leeds níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ ọnà ara igi inú rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ṣí. Kẹ́ ẹ sì mú súwẹ́tà dání, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn: inú ilé òkúta wọ̀nyẹn máa ń tutù ju ìta lọ.