Ẹṣin mi ń mí hẹlẹhẹlẹ láàárọ̀: báwo ni kí n ṣe máa gùn ún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, ọmọ ọdún 24 ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ra ẹṣin kan láti Kàdúná, wọ́n ní ẹṣin eré ìje ni tẹ́lẹ̀. Ó lo oṣù 3 lórí ìso kí wọ́n tó fà á lé mi lọ́wọ́. Aago 7 ni mo ń fún un ní ọkà bàbà, mo ń gùn ún ní aago 8. Kò ní pẹ́ tí òógùn á fi bò ó, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Báwo ni àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin eré ìje ṣe ń ṣe é láàárọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí nǹkan tó bàjẹ́. Aago àti oúnjẹ ni kí o kọ́kọ́ yí padà. Ní Newmarket nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Chantilly nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin eré ìje, ìdájí ni ẹṣin ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ oòrùn tiwọn kò tó tiwa. Jẹ́ kí gàárì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ní aago 6:30, kí o sì ti parí kí aago 8 tó lù. Ní ti ọkà, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni kí o fún un, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti tutù. Ọkà gbọ́dọ̀ ti tó wákàtí 3 nínú rẹ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ líle. Àmọ́ má mú un jáde pẹ̀lú ikùn òfìfo o, nítorí omi kíkan inú ikùn ẹṣin kì í yé sun. Bó bá ń sáré, á máa ta sókè, á sì dá egbò síbẹ̀. Fún un ní koríko díẹ̀ kó jẹ ẹ́.

Kí o tó gbé gàárì, fọwọ́ ba ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má kúnlẹ̀. Fi àtàǹpàkò àti ìka di ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú mú láti abẹ́ orúnkún, kí o rọra fà á wálẹ̀. Iṣan ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù, kó sì le bí okùn tí wọ́n fà ta. Fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, tàbí tó wú, bó ti wù kó kéré tó, kò sí gígùn lọ́jọ́ náà. Da omi tútù sí i fún ìṣẹ́jú 20, kí o sì pe dókítà ẹran.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kan irú ibi gbígbóná bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì ẹṣin kan, kò fẹ̀ ju orí ìka lọ. Mo ní bóyá ó fi gbá ògiri ni. Ní ọjọ́ kẹta iṣan náà já lẹ́nu eré, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ó lé ní ọdún kan kó tó rìn geere. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Èémí ẹṣin máa ń tètè padà, ẹsẹ̀ ló ń pẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkàn àti ẹran ara rẹ̀ á ti le. Iṣan ẹsẹ̀ àti egungun ń fẹ́ oṣù 3 sí 4, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín ìgbà yìí gan-an ni ewu wà. Ara á ti yá a, á máa já ìjánu mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ náà á rò pé ó ti tó sáré. Kò tíì tó.

Nítorí náà, ìrìn nìkan ni fún oṣù àkọ́kọ́: bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 20 títí yóò fi tó wákàtí kan. Òkè tó pọ̀ ní Èkìtì yìí, ọ̀rẹ́ rẹ ni. Bó bá ń rìn gun òkè, ó ń lágbára láìsáré. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, fà á díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ iwájú ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀. Oṣù kejì, fi eré kékeré kún un, lórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀, kì í ṣe lórí ọ̀dà. Oṣù kẹta, eré ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Eré àsápajúdé ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń díje gan-an kì í sì í ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló wọ́pọ̀. Lójoojúmọ́, ìrìn ìṣẹ́jú 10 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni kí o fi parí.

Lẹ́yìn iṣẹ́, da omi sí i lára, kó sì mu omi. Àwọn kan máa ń sọ pé omi tútù á pa ẹṣin tó ń làágùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ìdíje Òlíḿpíìkì Atlanta ti 1996 tó wáyé, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa nítorí ooru ibẹ̀, omi tútù ló sì ń gba ẹṣin là. Fi iyọ̀ díẹ̀ sínú oúnjẹ rẹ̀, torí iyọ̀ pọ̀ nínú òógùn ẹṣin.

Lẹ́yìn náà, fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù lábẹ́ egungun àgbọ̀n rẹ̀. Kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Bó bá wà ní ìsinmi, 28 sí 44 ni. Bí ìṣẹ́jú 15 bá ti kọjá lẹ́yìn iṣẹ́, ó yẹ kó ti sún mọ́ 60 tàbí kó dín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti pọ̀ jù. Dín in kù lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó ń kọ mí lóminú. Má gùn ún lọ sí etí odò tó ní igbó, ibẹ̀ ni eṣinṣin tsetse wà. Àìsàn tí eṣinṣin yìí ń gbé kiri wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nínú igbó wa láti ayébáyé. Bí ẹṣin yẹn bá ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, tí ara rẹ̀ ń gbóná tó tún ń tutù, ó lè jẹ́ pé mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn kì í ṣe ti eré rárá. Jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, kí o tó tún di gàárì sí i.