Ṣé kí n gbé màmá lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo àrùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Kubwa, l'Ábújà, ni mò ń gbé. Màmá mi, ẹni ọdún 67, wá bá wa láti Ìsẹ́yìn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń sọ pé àyà ń já àwọn, ó sì tún máa ń rẹ̀ wọ́n. Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù ìjọba kan. Màmá kò tíì sọ gbólóhùn méjì tí dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù ló kọ, wọ́n lò ó tán, kò sí ìyàtọ̀. Ìyàwó mi wá ní ẹ̀rọ kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé èèyàn á kàn di irin rẹ̀ mú, á sì ka gbogbo àrùn ara jáde láìjẹ́ pé ẹni náà ya ẹnu. Ṣé kí n gbé wọn lọ?

Ìdáhùn: Rárá.

Ọ̀rọ̀ irin dídìmú yìí ti sú mi, nítorí náà ẹ jẹ́ n dáhùn rẹ̀ tán lónìí. Kí ẹ tó di irin náà mú, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ní ọjọ́ orí yín, bí ẹ ṣe ga tó, bí ẹ ṣe wúwo tó, ọkùnrin tàbí obìnrin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, egungun, ojú. Kò gba ẹ̀jẹ̀, kò gba ìtọ̀. Ìyá ẹni ọdún 67 tí ìwé sọ fún pé orúnkún rẹ̀ kò le mọ́, ṣé àṣírí nìyẹn? Bó bá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ dán an wò, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pe ara yín lọ́mọ ogún ọdún nígbà kejì. Àmọ́ ẹ má ná owó yín nítorí tèmi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ló tún ń ta oògùn inú ike tí ìwé yẹn máa ní kẹ́ ẹ rà.

Èyí tó dùn mí jù ni “láìjẹ́ pé ó ya ẹnu” tẹ́ ẹ kọ yẹn, bí ẹni pé àǹfààní ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn kò ju ìkíni lọ, pé ní láàbù ni àyẹ̀wò gan-an wà. Irọ́ ni. Ní 1975, àwọn dókítà kan ní Nottingham, ní Ẹ̀ńgílándì, mú aláìsàn tuntun 80. Wọ́n gbọ́ ìtàn àìsàn wọn, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ara wọn, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Nínú 66, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ yẹn náà ló padà jẹ́. Àyẹ̀wò láàbù yí èrò wọn padà nínú 7 péré.

Ẹjọ́ yín tọ́ níbi kan: dókítà yẹn kò gbọ́. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1984, wọ́n gba ohùn inú yàrá dókítà sílẹ̀, wọ́n rí i pé lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá 18 ni dókítà ti máa ń já lu ọ̀rọ̀ aláìsàn. A kì í sì í já lu gbogbo èèyàn bákan náà. Alága tó wọ agbádá, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán. Lẹ́yìn tí Serena Williams, gbajúmọ̀ eléré tẹ́níìsì, bímọ ní 2017, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ dì sínú ẹ̀dọ̀fóró òun; nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń gùn ún. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ti dì. Ká wá má sọ ti ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, níwájú dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá, tí èrò sì tò dé ẹnu ọ̀nà.

Èmi náà ti dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè Ọya, obìnrin Hausa kan jókòó síwájú mi, “Gabana yana faɗuwa” ló ń tún sọ. Hausa tèmi ò ju ti inú ọjà lọ nígbà yẹn. Gaba, iwájú ni, wọ́n sì fi ń dárúkọ ojú ara, faɗuwa, ṣíṣubú. Mo ti parí ẹ̀: ilé ọmọ ló ń yọ. Mo kọ lẹ́tà, mo ní kó lọ sí kílíníkì àwọn obìnrin. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló padà wá, ó ti rù sí i. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Ìlọrin, ló fi mí rẹ́rìn-ín: “Dókítà, àyà ló ń já a o!” Bí àyà tiwa ṣe ń já ni iwájú tiwọn ń ṣubú. Nọ́ọ̀sì bá a ká hìjáàbù sókè: gẹ̀gẹ̀ rèé lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n, ọkàn ń sáré. Gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́.

Ó dáa, màmá yín. Ta ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún dókítà? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ ti ṣìnà. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù, ó lè jẹ́ ọkàn tó ń sáré, ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí gẹ̀gẹ̀ tí kò tíì hàn síta. N kò tíì fojú kàn wọ́n, n kò lè sọ èyí tó jẹ́, ẹ má sì fi ìdáhùn yìí ra oògùn. Ti táífọ́ọ̀dù yẹn, bó bá jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ni wọ́n gùn lé, kò tó ẹ̀rí nílẹ̀ wa níbí. Bí òòyì bá gbé wọn ṣubú, bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí èémí bá kúrú, tàbí tí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì.

Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ padà sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 sọ pé èdè tó yé aláìsàn ni ká fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá sọ ọ́ bó ṣe ń ṣe wọ́n, ẹ má gé e kúrú, ẹ má tún un ṣe. Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Àmọ́ lálẹ́ òní, nílé, ẹ bá mi ní kí màmá fi ọwọ́ lu tábìlì bí ọkàn wọn ṣe ń lù nígbà tí àyà bá ń já wọn: ṣé déédéé ni, ṣé ségesège ni, ṣé ó máa ń dúró kó tó tún gbéra. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí ẹ gbé e fún dókítà gbọ́.