K tó pọ̀ kọ́ ló ń mú kí pickup já gaara

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta jìtá, orin ìyìn àti jùjú la sì máa ń kọ jù. Jìtá mi jọ Les Paul ti Gibson, humbucker méjì ló wà lára rẹ̀, ìyẹn pickup oníkọ́ìlì méjì tó ń gba ohùn okùn lọ sínú amp (ẹ̀rọ agbóhùnsókè). Èyí tó wà nídìí ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́rùn, ohùn rẹ̀ wú, ó pòrúurùu. Bí mo bá ta kọ́ọ̀dù, mi ò lè fi etí ya okùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹnì kan tó ń ta ohun èlò orin fẹ́ ta humbucker ọrùn tó jẹ́ 16k fún mi. Ó ní tèmi kò ju 8k lọ, pé k tó pọ̀ ló ń mú ohùn já gaara. Ṣé kí n rà á? Ṣé èyí tó ní òòfà Alnico ni kí n mú ni àbí ti ceramic?

ÌDÁHÙN: Má rà á.

Ìdáhùn náà nìyẹn, àbúrò mi, mo sì lè dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kò yé wọlé sọ́dọ̀ mi, ó sì ti ń bí mi nínú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ ń gbé e fún ẹni tó ń ta nọ́ńbà fún wọn. Nítorí náà, jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ k yìí palẹ̀.

K dúró fún ẹgbẹ̀rún ohm. Ohun tí mítà oníná ń kà níbẹ̀ kò ju bí wáyà kọ́pà inú kọ́ìlì ṣe ń dí iná lọ́wọ́ lọ. Wáyà tó gùn ń dí i ju èyí tó kúrú; wáyà tó tín-ín-rín ń dí i ju èyí tó nípọn. Ó tán. Wáyà tí wọ́n fi ń wé humbucker ayé àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní 42 AWG, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.063. Wé e ní bíi ìgbà 5,000 sórí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, wàá rí nǹkan bíi 8k. Wá mú 44 AWG tó tún tín-ín-rín jù ú lọ, kí o wé e níye kan náà gẹ́lẹ́, k rẹ̀ lè fò kọjá 11k, bẹ́ẹ̀ o kò fi ẹyọ kan lé iye ìgbà tí o wé e.

Kódà ooru ń yí i. Kọ́pà tó bá fi ìwọ̀n Celsius 10 gbóná sí i, ìdènà rẹ̀ á fi bíi ìdá 4 nínú 100 lọ sókè. Pickup tó jẹ́ 8.0k nínú yàrá tí AC wà á di 8.3k bí o bá gbé e síta ní ọ̀sán. Ṣé oòrùn ló wá jẹ́ kó já gaara ni?

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń pè ní inductance. H, ìyẹn Henry, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí o bá ṣe ń wé wáyà pọ̀ sí i yí irin àti òòfà ká, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ìlì náà ń lọ́ra sí i láti jẹ́ kí ohùn òkè kọjá, nítorí ohùn òkè ló máa ń yára yí padà jù. Okùn tí o fi so jìtá mọ́ amp náà ní tirẹ̀ tó ń ṣe: ó máa ń tọ́jú iná díẹ̀ sára, pF ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn. Àwọn méjèèjì ló jọ ń pinnu ibi tí ohùn pickup yóò ga dé kó tó já wálẹ̀. Fi okùn amp tó gùn tó mítà márùn-ún ṣe é, ká sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600 pF. Humbucker tí inductance rẹ̀ jẹ́ 4.5 H á ga jù ní nǹkan bíi 3,000 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó jẹ́ 8 H kò ní kọjá 2,300 Hz tó fi máa já wálẹ̀. Àwọn tí wọ́n wé débi 16k, àdúgbò 8 H yẹn ni wọ́n sábà máa ń wà. Ohun tí ẹni yẹn fẹ́ tà fún ọ á pariwo ju tìrẹ lọ dájúdájú, á sì tún wú jù ú lọ. Ìdí jìtá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta rọ́ọ̀kì líle ni irú wọn wúlò sí jù.

Má wá sáré lọ wá 5k nítorí ohun tí mo sọ yìí o. Èyí tó kéré náà kì í ṣe òfin. Wo Seth Lover, ẹni tó ṣe humbucker fún Gibson. 1955 ni wọ́n lọ béèrè fún ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára jìtá ní 1957. Àwọn yẹn ni wọ́n ń pè ní PAF, k wọn sì sábà wà láàárín 7 sí 9. Ọkùnrin yìí kan náà bọ́ sí Fender, ilé iṣẹ́ jìtá mìíràn, ní 1967, ó sì ṣe òmíràn tí wọ́n pè ní Wide Range, tó wà lára Telecaster Thinline ti 1972. K ti Wide Range wọ 10, ó ju PAF lọ, síbẹ̀ ó já gaara jù ú lọ! Òòfà rẹ̀ ló yàtọ̀: kọ́pà, níkẹ́ẹ̀lì àti irin tí wọ́n pò pọ̀, tí wọ́n wá gbẹ́ òòfà náà fúnra rẹ̀ bíi skúrù, dípò skúrù irin tó wà nínú ti Gibson. Ní òdìkejì, Filter'Tron tí Ray Butts ṣe fún Gretsch kò ju nǹkan bíi 4k lọ, òun náà sì já gaara. 4k já gaara, 10k já gaara. Kí wá ni k sọ fún ọ?

Iṣẹ́ tí mítà lè bá ọ ṣe ni kó sọ fún ọ bóyá wáyà ti já nínú kọ́ìlì. Bí kò bá ka nǹkan kan, wáyà ti já nìyẹn. Bí ó bá ka ìdajì iye tó yẹ, ó ṣeé ṣe kí kọ́ìlì kan ti kú. O sì lè fi í wé pickup méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà fi wáyà kan náà ṣe. Kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ Alnico àti ceramic kò gba àsìkò. Alnico 5 máa ń le díẹ̀ ju Alnico 2 lọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sì í wú tó ti ìkejì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré sí èyí tí o máa rí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, tí kò sì ní ná ọ ní nǹkan kan.

Ìgbà wo lo ti pààrọ̀ okùn tí o ń ta lára jìtá? Mo mọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yín. Okùn tó ti dúdú, tí òógùn ti jẹ, kò sí pickup tó lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, sọ pickup náà kalẹ̀. Ìdí jìtá ni okùn ti ń mì díẹ̀, tí ohùn òkè sì pọ̀. Lọ́rùn, ó ń mì gan-an, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì pọ̀ níbẹ̀. Bí pickup ọrùn bá wá sún mọ́ okùn jù, ohùn ìsàlẹ̀ á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, òòfà rẹ̀ á sì tún máa fa okùn. Mú screwdriver. Tẹ okùn tó nípọn jù mọ́lẹ̀ ní fret (irin tó dábùú ọrùn jìtá) tó gbẹ̀yìn, lápá ibi tí pickup wà, kí o wo àlàfo tó wà láàárín okùn náà àti orí skúrù pickup. Bí kò bá tó mílímítà 2, ó ti sún mọ́ jù. Yí skúrù ẹ̀gbẹ́ ibi okùn tó nípọn ní ìdajì ìyíká, kí pickup lọ sílẹ̀, ta kọ́ọ̀dù, tún yí i, tún tẹ́tí. Mílímítà 3, kódà 4, kì í ṣe àṣejù. Ẹ̀gbẹ́ ibi okùn tínínrín, jẹ́ kí ó ga díẹ̀ jù ú lọ. Nígbà tó bá kù díẹ̀, mú screwdriver kékeré, kí o gbé skúrù tó wà lábẹ́ okùn tínínrín méjèèjì sókè díẹ̀ kúrò nínú pickup fúnra rẹ̀. Fọ́lúùmù á lọ sílẹ̀. Amp ni o máa fi gbé e padà. Ọ̀pọ̀ jìtá tí wọ́n gbé wá fún mi pé kí n pààrọ̀ pickup, ibi yìí ni iṣẹ́ ti parí, tí olówó sì ń wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ níyà pé mi ò gba owó pickup lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí kò bá tíì tó ọ, ṣí ẹ̀yìn jìtá kí o wo pot, ìyẹn ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì fọ́lúùmù àti tone. Ó yẹ kí o rí A500K lára rẹ̀. Bí o bá rí A250K tàbí B250K, ẹlẹ́ṣẹ̀ nìyẹn: 250K máa ń dín ohùn òkè kù lára humbucker, torí pickup tí kọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n ṣe é fún. Pot 500K tó dára kò wọ́n tó pickup. Lo okùn amp tó kúrú náà, mítà mẹ́ta tó, má lo èyí tó gba gbogbo pẹpẹ kọjá.

Ìgbà yẹn ni kó tó kan ríra. Wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọrùn gan-an, tí inductance rẹ̀ kò ju 4.5 H lọ bí ilé iṣẹ́ náà bá kọ ọ́ sílẹ̀. Jazz ti Seymour Duncan, tí wọ́n ń pè ní SH-2n, ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó bá jùjú mu nítorí okùn kọ̀ọ̀kan máa ń dá dúró nínú kọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kó sún mọ́ ohùn Stratocaster, jìtá Fender tí pickup rẹ̀ jẹ́ oníkọ́ìlì kan, wo Humbucker from Hell ti DiMarzio. Wọn kò fún mi ní kọ́bọ̀. Èyíkéyìí tí o bá mú, mú èyí tí ó ní wáyà mẹ́rin, kí o lè so kọ́ìlì méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn dípò kí ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Inductance á di ìdá mẹ́rin, ohùn á mọ́ sí i, síbẹ̀ kò ní máa kùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Tí o bá pa kọ́ìlì kan nínú méjèèjì ni kíkùn á padà.

Kíyè sí ìdérí pickup náà. Àwọn ayédèrú tó fi idẹ tó nípọn ṣe ìdérí máa ń gbé ohùn òkè mì. Má sì gbé ti àtijọ́ rẹ lọ fún ẹni tó ń wé mọ́tò fáànù pé kó bá ọ tún un wé. Ọwọ́ rẹ̀ lè dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n wáyà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nípọn ju èyí tí pickup ń lò lọ.

Mi ò tíì rí jìtá rẹ, nítorí náà ohun tí mo sọ fún ọ kò bo gbogbo rẹ̀. Bí o kò bá tíì lo ṣódà rí, gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, torí ooru àpọ̀jù máa ń ba pot jẹ́. Wáyà ilẹ̀ tó lọ sábẹ́ afárá okùn, má gé e, má yọ ọ́ kúrò. Bí amp tàbí máíkì bá ń gbọ̀n ọ́ lọ́wọ́, pa á, kí o pe oníná kí o tó tún ta jìtá níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pickup mọ́ nìyẹn.

Àwọ̀ wáyà kò sì dọ́gba láàárín ilé iṣẹ́ wọ̀nyí. Ti Seymour Duncan, wáyà dúdú ló ń gbé ohùn lọ. Ti DiMarzio, pupa ni. Àwọ̀ ewé lọ sí ilẹ̀ lára méjèèjì. Nígbà tí o bá parí, kí o tó fi skúrù dé ẹ̀yìn jìtá, fi súìṣì sí àárín kí pickup méjèèjì jọ dún. Bí ohùn bá tín-ín-rín lójijì, tí ohùn ìsàlẹ̀ sì sá lọ, wọ́n ń ta ko ara wọn nìyẹn. Pààrọ̀ wáyà tó ń gbé ohùn àti àwọ̀ ewé ti pickup tuntun náà síra wọn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí wáyà aláìníbora tó bá wọn jáde dúró sí ilẹ̀.