Àbúrò, má tíì ju búrọ́ọ̀ṣì irun ẹlẹ́dẹ̀ yẹn nù

O ní ìgbà márùn-ún péré lo tíì fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun náà kun ọṣẹ sójú láti fá irùngbọ̀n, ó ń gún ọ lábẹ́ àgbọ̀n bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá ọ lójú, ó ń rùn bí ewúrẹ́ tí òjò pa, ìfófó ọṣẹ sì ń wọnú rẹ̀ kò jáde mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ wá ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, iléeṣẹ́ kan náà, nọ́ńbà kan náà, tiẹ̀ rọ̀ bí òwú. O wá ń béèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ. Èmi náà ní ìbéèrè kan fún ọ̀rẹ́ rẹ: láti ìgbà wo ló ti ń lo tiẹ̀? Ó dá mi lójú pé kì í ṣe oṣù yìí ló rà á. Ọmọ ọwọ́ lo fà sílẹ̀ yẹn pé kó bá géńdé jìjàkadì.

Búrọ́ọ̀ṣì méjì ni mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́ kí n tó gbọ́n, nítorí náà kì í ṣe pé mo jókòó síbì kan mo ń sọ ohun tí mo gbọ́.

Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹta tó ń gún mi ni inú bí mi. Mo ní ṣebí omi gbígbóná ló ń mú nǹkan rọ̀, kí ló dé tí mo ń fi omi tútù tútù ṣeré? Mo gbé omi kaná, ó hó yaya, mo dà á sínú ife, mo ri búrọ́ọ̀ṣì náà bọ̀ ọ́ dé ọrùn, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo máa padà dé, irun rẹ̀ ti ká kò, eléyìí kọjú síhìn-ín, tọ̀hún kọjú sọ́hùn-ún, bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, odindi ìdì kan jábọ́ sínú abọ́. Gúlù tó di ìdí irun náà mú ti rọ̀. Wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi fi ìkánjú da omi gbígbóná. Irú ohun tí irun orí wa àti èékánná wa jẹ́ náà ni irun ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́, kò sì sí ẹni tó máa ti orí ara rẹ̀ bọ omi híhó pé òun fẹ́ kí irun òun rọ̀.

Èkejì, ìmọ́tótó ló pa á. Bí mo bá ti fá irùngbọ̀n tán báyìí, mo máa ń dá a padà sínú ike olómorí tó bá a wá, kí eruku má bàa bà á. Kò ráyè gbẹ rí láàárín oṣù kan ó lé. Ìdí rẹ̀ bu, àmì dúdú wẹẹrẹ bò ó, ó ń rùn bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé irun náà ṣì le bí ọjọ́ tí mo rà á, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Omi nìkan kọ́ ló ń mú un rọ̀. Kó mu omi, kó sì gbẹ pátápátá, lẹ́yìn náà kó tún mu omi, iṣẹ́ yẹn gan-an nìyẹn.

Irun ẹlẹ́dẹ̀ máa ń mu omi sínú ara rẹ̀. Irun badger, ẹranko igbó kan tí wọ́n tún ń fi irun rẹ̀ ṣe búrọ́ọ̀ṣì, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, àárín irun sí irun ló máa ń tọ́jú omi sí. Bí ti ẹlẹ́dẹ̀ bá ti mu omi, ó máa wú, ó máa tẹ̀. Bó bá gbẹ, ó máa sún kì. Wíwú àti sísúnkì yẹn, pẹ̀lú bí a ṣe ń fi í ra ọṣẹ àti ojú, ló ń mú kí ṣóńṣó rẹ̀ là. Mo fi ojú mi rí i. Mo fa irun kan yọ lára èyí tó tuntun, ọ̀kan lára èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo tẹ́ méjèèjì sórí bébà funfun, mo gbé dígí tó ń mú nǹkan kékeré tóbi lé wọn. Èyí tó tuntun, ṣóńṣó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan, ìlà díẹ̀ báyìí ló wà lórí rẹ̀. Ti àtijọ́ ti là yẹ́kẹyẹ̀kẹ bí ẹsẹ̀ adìẹ, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tín-ín-rín débi pé èémí mi ń mì wọ́n. Ṣùgbọ́n láti àárín dé ìdí, n kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ti gbó fi ń rọ̀ ní ṣóńṣó tí kò sì ń rọ̀ ní ìdí. Kò sí ìkan nínú àwọn irun yòókù tí mo lò tó ṣe irú rẹ̀ fún mi.

Nítorí náà, ohun tí wàá máa ṣe kò pọ̀. Fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọrun fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí òórùn yẹn. Kó o tó fá irùngbọ̀n, gbé e dúró sínú omi tí ìka rẹ lè gbà láìjó, kí omi náà mọ lára irun, kó má dé ara èèkù, pàápàá bí èèkù rẹ̀ bá jẹ́ igi, torí igi máa ń sán. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Gbọ̀n ọ́n, kó o wá fi í yí orí ọṣẹ pẹ́ ju bó o ṣe rò lọ. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun máa ń jẹ ọṣẹ. Fún un ní tiẹ̀ kí tìrẹ tó kù. Lẹ́yìn náà, fi omi ṣàn án títí omi á fi mọ́, fún omi inú rẹ̀ dànù, gbọ̀n ọ́n, fi táwẹ́lì nù ún, gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Má fọwọ́ kàn án títí á fi gbẹ dé ìdí, ó kéré tán odindi ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lò ń fá irùngbọ̀n, ra èkejì kí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bí ọjọ́ tí o kì í fá irùngbọ̀n bá sì wà, tó sì ti gbẹ, máa fi í po ọṣẹ ní àtẹ́lẹwọ́ lásán, ó máa ń kà.

Ẹnì kan máa sọ fún ọ pé kó o rẹ ẹ́ sómi mọ́jú fún ọjọ́ mẹ́ta, ó parí. Mo ṣe é. Ó rọ̀ nígbà tó tutù, nígbà tó gbẹ ó padà sí ìwà rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì mi kẹta ni mo kà dáadáa. Mò ń fi pẹ́ńsù fa ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà tí mo bá lò ó. Ìlà 10 àkọ́kọ́, kò sí ìròyìn kankan àfi pé òórùn lọ. Nígbà tó di bíi 15, ìfófó ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú mi títí mo fi ń fá ẹ̀ẹ̀kejì. Ó lé ní 20 kí abẹ́ àgbọ̀n mi tó gbàgbé pé búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé 40, ìyàwó mi gbé e, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ìgbà wo lẹ tún ra òmíràn?” Irun tó ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò yẹ kó já ọ láyà. Èyí tó bá ń jábọ́ ní ìdì ìdì lẹ́yìn oṣù kan, dá a padà fún ẹni tó tà á.

O tún ní ẹnì kan sọ pé òórùn náà túmọ̀ sí àrùn. Ó níbi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn sójà àti ará ìlú kó anthrax, àrùn burúkú tó ń ti ara ẹran ran èèyàn, láti ara búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n irun ẹṣin tí wọn kò fọ̀ tí wọn kò sì pa kòkòrò inú rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, tí wọ́n ń tà bí ẹni pé badger ni. Òórùn tìrẹ, òórùn ẹranko tó tutù ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti èwo ló rọ̀ jù, ibi tí àwọn èèyàn ti ń jà lásán nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́dẹ̀ méjì ni mo ní báyìí: mo ní Omega 10049, láti Forlì ní Ítálì, mo sì ní Semogue 1305 ti Pọtogí. Èmi tẹ́lẹ̀ lè búra pé Semogue le ju ìkejì lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì ti gbó tán, mo rẹ wọ́n sínú omi kan náà, mo fi ọṣẹ kan náà, mo dijú, mo ní kí ìyàwó mi máa fi wọ́n kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni ń kun ògiri, láìsọ èyí tó mú dání. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbà á sí òdì. Ó wá tẹ̀ wọ́n mọ́ mi lójú tó ń yí wọn. N kò ṣìnà mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti Omega, irun rẹ̀ gùn, ó ń tẹ̀ lọ. Ti Semogue kúrú, ó ń tì mí padà. Ṣóńṣó méjèèjì rọ̀ bákan náà. Agbára ìdí irun wọn ni kò dọ́gba, òun ni mò ń pè ní líle láti ọjọ́ yẹn. Nítorí náà bí awọ ara rẹ bá ń yára bínú, irun gígùn ni kó o wá; bó bá jẹ́ ojú lo ti ń po ọṣẹ líle, ti kúkúrú máa ṣiṣẹ́ jù fún ọ. Má sì dán ìkankan wò ní gbígbẹ nínú ilé ìtajà. Irun ẹlẹ́dẹ̀ tó gbẹ, irọ́ ló ń pa.

Bí o kò bá ní sùúrù fún gbogbo èyí, irun àtọwọ́dá wà, ó rọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó sì tètè ń gbẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èmi kàn fẹ́ràn kí nǹkan ta kò mí díẹ̀ ni.

Ní báyìí ná, títí wàá fi lò ó pé ìgbà 20, máa fi í kun ojú nìkan, má tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àgbọ̀n, má yí i. Ibẹ̀ tó ti pọ́n yẹn, ìka rẹ ni kó o máa fi gbé ọṣẹ síbẹ̀.