Kí ni Kristẹni lè rí kọ́ lára Dominic Mímọ́ nípa wíwàásù fún ẹlòmíràn?

Ẹ̀kọ́ tó ga jù lára Dominic ni pé kí oníwàásù jókòó ti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1203, àlùfáà ará Sípéènì yìí dé sí ilé èrò kan nílùú Toulouse, ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ẹ̀yìn àwọn Kátárì ni onílé náà, àwọn tó gbà pé ohun búburú ni gbogbo ohun tí à ń fojú rí. Dominic kò bú u, kò sì kó ẹrù rẹ̀ jáde. Òun àti onílé jọ fọ̀rọ̀ wérọ̀ láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ọkùnrin náà sì padà sínú Ìjọ. Odindi òru kan, nítorí ẹnì kan ṣoṣo!

Ìwà tún ṣe pàtàkì. Ní 1206, àwọn aṣojú póòpù ń wàásù lórí ẹṣin pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́, ọ̀rọ̀ wọn kò sì wọ àwọn èèyàn létí. Bíṣọ́ọ̀bù Diego, ọ̀gá Dominic, ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn bí òtòṣì. Bí Dominic ṣe ń ṣe nìyẹn títí tó fi kú ní 1221.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo ẹni tó wàásù fún ló gbà.