Ọjọ́ méjì péré ní Lọ́ńdọ̀nù: ọgbà ìgbafẹ́ wo ni ká kó àwọn ọmọ lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ní ká wá lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ àwọn nígbà ọlidé gígùn. Físà ti jáde. Ọmọ mẹ́ta ni mo fẹ́ kó lọ: ọ̀kan ọdún 13, ọ̀kan ọdún 8, àbíkẹ́yìn ọdún 4. Iléèwé wọn kò ní wọlé títí di ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹsàn-án. Mọ̀lẹ́bí tó yẹ ká kí níbẹ̀ pọ̀, nítorí náà ọjọ́ méjì péré la lè yà sọ́tọ̀ fún ọgbà ìgbafẹ́. Èyí àgbà ń pariwo Alton Towers, àbíkẹ́yìn ń pariwo Peppa Pig, bàbá wọn ní ká kúkú gba Paris lọ sí Disneyland. Èwo ni ká mú níbẹ̀? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àbá bàbá àwọn ọmọ kúrò nílẹ̀, torí òun ló lè jẹ yín lówó jù láìgbé yín dé ibì kankan. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbé ẹnikẹ́ni wọ Faransé. Físà Schengen ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀, owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ò tilẹ̀ ní dé Paris kí wọ́n tó dá yín dúró: ní ibùdókọ̀ St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an, kéèyàn tó wọ ọkọ̀ ojú irin Eurostar, àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè Faransé ti jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń yẹ páàsìpọ́ọ̀tù wò. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti ní kí ẹ padà.

Alton Towers dára, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Rólà-kósítà tí wọ́n ń pè ní The Smiler, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013, máa ń dorí èèyàn kodò nígbà 14 nínú eré kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Staffordshire ló wà, ẹ̀gbẹ́ Stoke-on-Trent. Láti Peckham, kí ẹ dé Euston, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin bíi wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹ tún wá bọ́ọ̀sì tàbí tasín, ó lé ní wákàtí mẹ́ta ní àlọ nìkan. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá ga tó mítà 1.4 kò lè gun The Smiler. Ọmọ kan nínú mẹ́ta ló máa jẹ̀gbádùn rẹ̀, méjì á máa sunkún nínú ọkọ̀. Àfi tí ẹ bá fẹ́ sun ibẹ̀ mọ́jú, ẹ gbàgbé rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Peppa Pig World wà nínú Paultons Park, lẹ́bàá Southampton. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ yín kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, ibẹ̀ la ò bá kọ́kọ́ dárúkọ. Ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo dé Southampton Central máa ń tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ẹ ó tún wọ bọ́ọ̀sì tàbí tasín. Odindi ọjọ́ kan, ìdajì gbogbo àyè tí ẹ ní, á wá jẹ́ ti àbíkẹ́yìn nìkan. Ó ti pọ̀ jù.

Ó wá ku mẹ́ta tó sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù: Chessington, Legoland Windsor àti Thorpe Park. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dúró ní Clapham Junction, ọkọ̀ ojú irin Overground sì ń lọ tààrà láti Peckham Rye, ní àdúgbò àbúrò yín, sí Clapham Junction. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti rọrùn nìyẹn.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan, ẹ wọn àwọn ọmọ. Gíga ni wọ́n fi ń gbani láyè sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ eré, kì í ṣe ọjọ́ orí. Irin tó ń há èèyàn mọ́ ìjókòó ni wọ́n ṣe fún ara tó gùn dé ìwọ̀n kan. Tí ọmọ bá kéré sí i, irin náà kò ní dì í mú dáadáa. Ẹ ní kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn ti ògiri, kó wojú ọ̀ọ́kán. Ẹ gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle lé e lórí kó tẹ́jú, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Irun kò sí nínú ìṣirò o. Ọmọ tó di ṣùkú tó ga fíofío lè fi ìka mẹ́rin ga lójú yín nílé; òṣìṣẹ́ tó dúró nídìí ìlà á tẹ ṣùkú náà mọ́lẹ̀ ni. Ohun tó sì ń dun ọmọ jù ni kó tò sórí ìlà fún ìṣẹ́jú 40, kó dé iwájú, kí wọ́n wá ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ìka kan.

Ẹ ò sọ gíga wọn fún wa, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 4 sábà máa ń ga tó mítà kan àti díẹ̀, ọmọ ọdún 8 máa ń wà láàárín mítà 1.2 sí 1.35, ọmọ ọdún 13 sì máa ń kọjá mítà 1.5. Ìwọ̀n yìí la máa fi dáhùn.

Chessington ni kí ẹ fi ọjọ́ kìíní lọ, gbogbo ilé pátá. Ọgbà ẹranko ló ti jẹ́ láti ọdún 1931 kí wọ́n tó fi ọkọ̀ eré kún un lọ́dún 1987, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì ń gbé yín wọ méjèèjì. Ìdí tí a fi yàn án nìyẹn: nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá wà lórí ìlà, àbúrò á ti rí kìnnìún, ìnàkí àti pẹ́ńgúìnì wò. Vampire, rólà-kósítà tó ń so rọ̀ lábẹ́ irin, ń fẹ́ mítà 1.1, Dragon's Fury, tó ń yí ìjókòó rẹ̀ po bó ṣe ń sáré, ń fẹ́ mítà 1.2. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọdún 8 yín yege fún méjèèjì. Àbíkẹ́yìn kò ní lè gùn wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi Gruffalo wà fún un pẹ̀lú àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: lójú wọn, ọmọ ọdún 13 kì í ṣe àgbàlagbà tó lè mú ọmọ kékeré gun ọkọ̀. Tí ẹ bá jẹ́ àgbà kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ẹ ó máa há. Kí àbúrò yín tàbí ọkọ rẹ̀ bá yín lọ.

Tí àwọn àgbà méjèèjì bá fẹ́ gun ọkọ̀ kan náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní “parent swap” bí ẹ bá ṣe ń wọlé. Ẹnì kan á tò, á gùn ún, ìkejì á dúró ti àbíkẹ́yìn. Nígbà tí ti ẹni àkọ́kọ́ bá parí, ìkejì kò ní tún ìlà yẹn tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ti ilé wa lọ ni kò mọ̀ ọ́n, torí wọn kì í pariwo rẹ̀.

Ibùdókọ̀ Chessington South lẹ ó bọ́ sí, káàdì Oyster tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù.

Ọjọ́ kejì, ẹ pín ilé sí méjì. A mọ̀ pé èyí kì í dùn mọ́ ìyá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Legoland ni a ṣe fún ọmọ ọdún 2 sí 12. Wákàtí méjì ni ọmọ ọdún 13 á fi fara dà á kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Thorpe Park ní tirẹ̀, àwọn ọmọ ńlá ló ni ín: rólà-kósítà Stealth ń fẹ́ mítà 1.4, Saw náà bẹ́ẹ̀. Hyperia tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, tó ga ní mítà 72, tí kò sí rólà-kósítà tó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fẹ́ mítà 1.3. Kí ni ọmọ ọdún 4 fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀nà wá ti dùn ni pé ọkọ̀ ojú irin kan náà ló ń kọjá ní ibi méjèèjì. Ẹ jọ wọ èyí tó ń lọ sí Windsor & Eton Riverside ní Clapham Junction. Àna yín àti èyí àgbà á sọ̀ kalẹ̀ ní Staines, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Thorpe Park. Ẹ̀yin àti àwọn kékeré á máa bá a lọ dé Windsor, níbi tí bọ́ọ̀sì Legoland wà. Bákan náà ni àbọ̀. Àna yín kò ní láti gun ohunkóhun tó bá ń bẹ̀rù ibi gíga: ọmọ tó bá ti kọjá mítà 1.4 lè dá jókòó, kí òun dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú àpò.

Ní Legoland, orí òkè ni ẹnu ọ̀nà wà, ọgbà náà sì dagẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ohun tí èrò máa ń ṣe ni pé wọ́n á dúró sí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí, ìlà òkè á sì kún kí aago mọ́kànlá tó lù. Ẹ̀yin, ẹ kọjá wọn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ tààrà lọ sí ibi ìkọ́mọwakọ̀: ọmọ ọdún 6 sí 13 ní ojú títì tiwọn pẹ̀lú iná ìdarí ọkọ̀, ọmọ ọdún 3 sí 5 ní èyí tó kéré, nítorí náà ọmọ yín méjèèjì ló máa wakọ̀. Rólà-kósítà The Dragon ń fẹ́ mítà kan. Tí àbíkẹ́yìn bá dé e, ẹ bá a gùn ún. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ gun òkè náà pẹ̀lú ọmọ tó ti ń tòògbé, Hill Train, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gbé èèyàn gun òkè, wà fún un.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kù, ibẹ̀ sì ni ẹ ti ní oríire. Àwọn iléèwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹsàn-án, tiyín ò sì tíì wọlé. Sátidé oṣù kẹjọ ní Legoland, Ojúde Ọba ni, àfi pé kò sí ẹṣin. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, ìlà tó ń gba wákàtí kan lè má gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ má wulẹ̀ ra Fastrack, owó tí wọ́n ń gbà láti fo ìlà, ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ewu kan wà ṣá: nígbà tí ọlidé wọn bá ti parí, àwọn ọgbà yìí máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀, pàápàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà orí ìkànnì ọgbà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó mú ọjọ́, kí ẹ sì wo aago tí wọ́n ń pa á dé. Ó lè jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀ ṣe ọgbà, pàápàá tó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú òru lẹ wọ̀. Aago tiwọn àti tiwa máa ń dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ara ò ní dà rú, àmọ́ oorun á kun àwọn ọmọ. Ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín ọgbà méjèèjì. Òjò lásán kì í dá eré dúró, ìjì àti mànàmáná ló ń dá rólà-kósítà dúró, wọn kì í sì í dá owó padà nítorí òjò. Ẹ kó aṣọ òjò dání láti ilé, torí ti inú ọgbà wọ́n.

Wọ́n gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé. Mọ́ín-mọ́ín, ìrẹsì, ẹran díndín, ó dára. Ìkọ́kọrẹ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀ nílé.

Tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ọmọ ọdún 8 yín ní àyà, ẹ gba Ìtókín àti Ẹ̀pẹ́ kó wọn lọ sí Omu Resort ní Bogije ní Sátidé kan kí ẹ tó rìnrìn àjò. Ọmọ tó bá kígbe níbẹ̀ pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ẹ má fi dandan mú un gun Vampire ní Chessington.

Orí ìkànnì ọgbà náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ti ẹnu ọ̀nà máa ń wọ́n jù. Ẹni tó bá ń ta á fún yín lórí WhatsApp ní ìdajì owó, ẹ má dá a lóhùn. Káàdì náírà lè kọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà kí àbúrò yín fi káàdì tirẹ̀ san án, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa jẹ́ kí ẹ wọlé, torí náà kó má rà á títí ẹ ó fi rí ọjọ́ ìbalẹ̀ yín lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ti Thorpe Park, méjì péré ni kó rà.